Ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn: bí a ṣe lè ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ láìba ẹwà rẹ̀ jẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, àtẹ̀gùn ni ẹsẹ̀ ń kọ́kọ́ bá pàdé. Àwọn tó kọ́ ilé wọ̀nyí gbé ìpìlẹ̀ wọn sókè nítorí àgbàrá òjò, nítorí ikán, àti nítorí pé lójú wọn, ilé Ọlọ́run yẹ kó ga ju ilé ènìyàn lọ. Lónìí, ìyá arúgbó tí orúnkún ń yọ lẹ́nu ní láti di apá ọmọ rẹ̀ mú kó tó lè gòkè. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ a máa dúró nísàlẹ̀ títí ọkùnrin mẹ́rin yóò fi wá gbé e. Tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gbé kò lè yan ìgbà tí yóò dé àti ìgbà tí yóò lọ. Kò lè jáde lọ tọ̀ láàárín ìwàásù láìjẹ́ pé gbogbo ìjọ rí i. Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin náà bá sì yọ̀, òun ló máa fara pa jù. Ọ̀pọ̀ wọn ti yàn láti jókòó sílé, kí wọ́n máa gbọ́ ìsìn lórí rédíò.

Ìgbìmọ̀ ìjọ, àlùfáà, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì sí lọ́wọ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun kan ni kó wà lọ́kàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí: ọ̀nà tuntun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ìjọ yóò fẹ́ gbà. Bó bá jẹ́ ti akàndá ẹ̀dá nìkan, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, a ò tíì ṣe nǹkan kan.

Òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó ní kí ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ráńpù, ìyẹn ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè, kó sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè níbi tó bá pọn dandan. Ọdún 5 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ọdún 5 náà sì ti pé ní 2024. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2011. Àmọ́ n kò fẹ́ kí ìjọ kankan ṣe iṣẹ́ yìí nítorí ìbẹ̀rù òfin, torí ẹni tó bá ń ṣe é nítorí òfin, ìwọ̀nba tí òfin kò fi ní mú un ló máa ṣe.

1. Ẹ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn tó máa lò ó

Kí ẹ tó pe ayàwòrán ilé, kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ pe àwọn ọmọ ìjọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn, àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, àti àwọn àgbà. Ẹ lọ sílé àwọn tí kò wá mọ́, kí ẹ béèrè ohun tó dá wọn dúró. Ẹ pè wọ́n nígbà tí ìwé ṣì funfun. Kò bọ́ sí i kí ẹ parí àwòrán tán kí ẹ wá ní kí wọ́n fi àmín sí i.

Ẹ ó gbọ́ ohun tí kò sí lọ́kàn yín. Kẹ̀kẹ́ ẹnì kan lè fẹ̀ ju èyí tí ẹ ti rí rí lọ. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè sọ fún yín pé ráńpù gígùn ń dá òun lágara ju àtẹ̀gùn tí kò ga lọ, bí àtẹ̀gùn náà bá ti ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Nítorí náà, ẹ má hú àtẹ̀gùn kúrò láti fi ráńpù rọ́pò rẹ̀. Àwọn méjèèjì yóò wà pọ̀ ni. Ẹni tí kò ríran dáadáa yóò ní kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn sí etí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà lásán nìyẹn, ẹ lè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ fi ó kéré tán méjì nínú wọn sínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà, kí wọ́n ní ìbò bíi ti àwọn yòókù.

2. Ẹ mọ ilé yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kọ́ ló jọra. Ìjọ Ake l'Abẹ́òkúta, ìlú tí Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther dé láti gbé iṣẹ́ míṣọ́n kalẹ̀ ní 1846, kò jọ Cathedral Church of Christ tó wà ní Marina l'Ékòó. Ti Marina, Bagan Benjamin ló ya àwòrán rẹ̀, ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946 ní àpẹẹrẹ àwọn kàtídírà Gothic ti Yúróòpù, àwọn ilé gíga tí orí fèrèsé wọn ṣe ṣóńṣó. Àwọn mọlémọlé Àgùdà tó ti Brazil padà dé sí Èkó ní ọwọ́ tiwọn náà: òpó, òdòdó àti ìlà tó yọ jáde lára ògiri. Ní àwọn ìlú kéékèèké, ògiri amọ̀ tí wọ́n rẹ́ ni púpọ̀ nínú ilé ìgbà míṣọ́n. Ohun tó bá ọ̀kan mu kò ní bá èkejì mu.

Ẹ wá fọ́tò àtijọ́ jáde: fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìkórè, ti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí. Àwọn ìyá ìjọ ní wọn nínú àpótí. Ẹ wo iwájú ilé nínú wọn dáadáa. Ohun kan wà tó ń ya àwọn ìgbìmọ̀ lẹ́nu: ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ tó wà níwájú ilé lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ìpìlẹ̀ fi yọ síta. Ìtẹ̀sẹ̀ tí ẹ rò pé àwọn baba ńlá ṣe lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan fi kún un nígbà tí ilẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí fọ́tò bá fi ìtẹ̀sẹ̀ 2 hàn, tí ẹ sì ní 5 lónìí, àtúnṣe tó dára jù fún akàndá ẹ̀dá ni yóò tún dá ilé náà padà sí bí ó ṣe rí. Mi ò mọ ẹ̀bùn tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín ohun tó wà nílẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: òkúta ìpìlẹ̀, àwọn àwo ìrántí, sàréè, igi ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́, àwọn òpó iwájú. Ìkejì ni ohun tí a lè fọwọ́ kàn pẹ̀lú ìṣọ́ra, bíi ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkẹta ni ohun tí kò lọ́jọ́ lórí: táìlì tó ń dán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, gọ́tà tuntun, búlọ́ọ̀kù àgbàlá. Inú ìkẹta yìí ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá àyè.

Àwọn kan yóò dìde ní ìpàdé pé kí ẹ má ba ilé àwọn baba wa jẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn, nítorí ìfẹ́ ilé náà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ rán wọn létí pé ilé náà ti ń yí padà láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ti ṣí páànù rẹ̀, wọ́n ti fi iná mànàmáná sí i, fáànù ti wà ní àjà, gbohùngbohùn sì ti wà lára òpó. Gbogbo rẹ̀ ni a ṣe kí ìjọ lè jókòó kí wọ́n sì gbọ́. Kí ìjọ lè wọlé wá náà wà lára rẹ̀.

3. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀

Téèpù ni ẹ nílò, àti rọ́bà gígùn tó ń fi inú hàn, èyí tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wo ìbádọ́gba. Ẹ fi ẹnu rọ́bà kan sí ẹnu ilẹ̀kùn kí omi inú rẹ̀ bá ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì dọ́gba, ẹ gbé ẹnu kejì lọ síbi tí ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí omi bá ṣe ga sí ilẹ̀ níbẹ̀ ni gíga tí ẹ ní láti borí. Ẹ má ka iye àtẹ̀gùn kí ẹ wá fi ìwọ̀n ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀. Àtẹ̀gùn àtijọ́ kì í dọ́gba, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ̀lú sì máa ń dagẹ̀rẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 1 sí 12: bí ẹ bá fẹ́ gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1, ráńpù yóò gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Àtẹ̀gùn 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 lápapọ̀, ráńpù rẹ̀ yóò sì gùn ní mítà 7.2. Ní 1 sí 15, ó di mítà 9. Ní 1 sí 20, mítà 12. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ pé ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá ni 1 sí 12 jẹ́, bó bá sì ti gùn, ó yẹ kó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́sọ́nà ìjọba gba 1 sí 12 fún ráńpù tí kò gùn ju mítà 2 lọ. Bó bá gùn tó mítà 10, 1 sí 20 ni. Ẹni tó ń fi apá ara rẹ̀ yí táyà gòkè nínú oòrùn ọ̀sán mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ráńpù tó dúró gangan bí èyí tí a fi ń ti mọ́tò wọ ilé, tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé ìjọba ní ìlú wa, ewu ni wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ lórí wọn lè dojú bolẹ̀.

Ẹ wọn àyè ilẹ̀kùn pẹ̀lú, nígbà tí ó bá ṣí tán. Ẹ fi gbogbo sàréè, igi, gọ́tà àti ọ̀nà mọ́tò sínú àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ dúró wo ibi tí omi ń gbà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan yìí máa ń gba ìjọ lọ́wọ́ àtúnṣe ọdún púpọ̀.

4. Ilẹ̀kùn wo ni ẹ ó lò?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn ńlá iwájú. Ẹ má fi í sílẹ̀ àyàfi bí ẹ bá ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Ọkùnrin tí Peteru àti Johanu bá lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń pè ní Dáradára, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá sí ìta ibẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mókun, ó bá wọn wọ inú tẹ́ḿpìlì lọ.

Nígbà mìíràn, iwájú kò ní àyè: títì ti sún mọ́ ọn jù, tàbí àtẹ̀gùn ibẹ̀ gan-an jẹ́ apá kan ẹwà ilé. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ á wá di àṣàyàn. Ó lè dára gan-an bí ẹ bá sọ ọ́ di ọ̀nà gidi. Ẹ kó ìgò omi, tábìlì tó ti kán àti àga oníke kúrò níbẹ̀. Ẹ fi iná sí i. Kí àwọn tó ń kí ènìyàn káàbọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin bí wọ́n ṣe ń dúró ní iwájú. Kí ẹgbẹ́ akọrin àti àlùfáà máa gba ibẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn. Bí ìyá ìyàwó àti olórí ẹbí bá ń gba ẹnu ọ̀nà kan, kò sí ẹni tí yóò tún pè é ní ẹ̀yìnkùlé.

5. Gbígbé ilẹ̀ sókè, ráńpù, tàbí ẹ̀rọ

Gbígbé ilẹ̀ àgbàlá sókè ni mo fẹ́ràn jù. Bí gíga tí ẹ fẹ́ borí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 lọ, tí àgbàlá sì gùn, ẹ lè da yangí sí i, kí ẹ kì í mọ́lẹ̀ kó le, kí gbogbo iwájú ilé máa gòkè ní 1 sí 20 tàbí kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi bá ẹnu ilẹ̀kùn dọ́gba. Ẹni tó bá ń bọ̀ kò ní rí ráńpù kankan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa rí, gbogbo ìjọ ló ń gbà á, àwọn tó gbé pósí ń gbà á, ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n ń gbà á. Ohun tó léwu nínú rẹ̀ ni omi. Ilẹ̀ tí a gbé sókè kò gbọdọ̀ fara ti ògiri àtijọ́, nítorí ọ̀rinrin yóò máa fà gòkè. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kí ẹ sì la ojú omi sí i níbi tó lọ sílẹ̀ jù. Nígbà tí ọ̀nà bá kọjá lórí àlàfo náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, kí ó jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tàbí irin oníhò tí omi lè gbà kọjá, tí ihò rẹ̀ kò sì ní gba táyà kékeré iwájú kẹ̀kẹ́.

Ráńpù ló tẹ̀ lé e, mo sì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sókè sílẹ̀ dára níbi tí àyè kò bá sí rárá. Àmọ́ iná mànàmáná wa ni ẹ mọ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì tirẹ̀ lè dá ènìyàn dúró sáàárín méjì. Ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò di ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí kí ọdún tó yí po. Bí ẹ bá máa rà á, kí owó ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó ìjọ lọ́dọọdún.

Pákó tí wọ́n ń gbé lé àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí àlejò bá wà, kí ó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ gidi ń lọ lọ́wọ́. Ó ti máa ń ga jù, ó sì ń sún.

6. Ìwọ̀n ráńpù

Fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mítà 1.2 láàárín àwọn ohun ìdìmú, mítà 1.5 ló tẹ́ ni lọ́rùn, torí ẹni méjì lè kọjá lára wọn. Kí pèpéle tó tẹ́jú, mítà 1.5 sí mítà 1.5, wà nísàlẹ̀, lókè, àti níbi gbogbo tí ráńpù bá ti yí igun. Ti òkè yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ráńpù bá dé ẹnu ilẹ̀kùn láìní pèpéle, ẹni tó bá na ọwọ́ láti fa ilẹ̀kùn yóò yí padà sẹ́yìn. Bí gíga rẹ̀ lápapọ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ẹ pín in sí méjì kí pèpéle ìsinmi wà láàárín.

Ohun ìdìmú gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀tún àti òsì, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100, kó rí rogodo, kí ọwọ́ lè ká a, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Kí ó kọjá ibi tí ráńpù parí ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹni tí kò ríran lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti tẹ́jú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹ fi etí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí táyà má baà yọ̀ kúrò. Irin tó wà nínú oòrùn máa ń gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè dì í mú. Igi ìrókò tó dán, tí a fi òróró pa, sàn jù lọ níbi tí kò bá sí ìbòji, àwọn olè tó ń yọ irin tà kì í sì í ka igi sí.

Ẹ má lo táìlì tó ń dán. Mo mọ bí àwọn ìjọ wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Bí òjò bá ti kàn án, yìnyín ló dà. Kọnkéré tí a fi ìgbálẹ̀ fà lára nígbà tí ó ṣì tutù, tàbí òkúta tí wọn kò dán, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan ó pọ̀ tán, kí omi má dúró lórí rẹ̀.

7. Kí ó bá ilé mu

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ìgbìmọ̀ ti gba ìwọ̀n tó tọ́, wọ́n wá lọ pe wẹ́dà kó wá jó irin aláwọ̀ fàdákà tó ń kọ mọ̀nàmọ́ná mọ́ iwájú ilé tí wọ́n kọ́ láyé míṣọ́n. Ráńpù tó dára àti ilé rẹ̀ yẹ kó dà bí fìlà àti agbádá tí a dá láti ara aṣọ kan náà: fìlà kì í ṣe agbádá, kò sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn mọ̀ pé wọ́n jọ wá ni.

Ẹ jẹ́ kí ilé náà fúnra rẹ̀ kọ́ yín. Ẹ wo ìlà tí ìpìlẹ̀ fà yí ilé ká, ibi tí yangí tàbí òkúta ti parí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Bí ògiri ráńpù bá dúró ní ìlà yẹn, tí kò kọjá rẹ̀ sókè, ojú yóò kà á mọ́ ìpìlẹ̀. Kí ráńpù lọ ní gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé dípò kí ó yọ síta bí ahọ́n. Bí iwájú ilé bá dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, tí owó sì wà, ẹ ṣe ráńpù méjì kí ìdọ́gba náà má bà jẹ́. Bí owó bá tó ọ̀kan péré, ẹ fi ṣe ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì gbin òdòdó sí ibùsùn tó ga ní gíga kan náà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní London, ní 2022, ni wọ́n ṣí ráńpù òkúta tí kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àríwá St Paul's Cathedral, ilé tí Christopher Wren kọ́ láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Ilé yẹn ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Òkúta Portland, irú èyí tí Wren lò, ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ènìyàn ló sì ń gbà á. Wọn kò fi í pamọ́, wọn kò sì jẹ́ kó bá ilé jà. Ìjọ tí kò ní owó London pàápàá lè tẹ̀ lé èrò náà: ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé yín ni kí ẹ fi kọ́ ráńpù yín. Bí ilé bá jẹ́ yangí, ẹ wa yangí láti agbègbè kan náà. Bó bá jẹ́ bíríkì, ẹ wá èyí tí àwọ̀ àti gígùn rẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ẹ má ṣe òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké tó ń díbọ́n bí ti 1890. Kí iṣẹ́ tuntun jẹ́ èyí tó rọrùn, tó mọ́, tí ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò fi mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ lè kọ ọdún náà sí igun rẹ̀ kan. Kí ó sì jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ wa lè tú kúrò lọ́jọ́ kan láìfi ọgbẹ́ sára ògiri. Ìyẹn ni pé kí ráńpù dúró fúnra rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ihò sínú ògiri àtijọ́ láti so ó mọ́ ọn.

8. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀

Ilẹ̀kùn alápá méjì ló wọ́pọ̀, apá kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń ṣí, tí àyè rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 60 sí 70 lọ. Kẹ̀kẹ́ nílò 80 ó kéré tán. Kí ẹ tó ronú àtigé igi kankan, ẹ ṣí apá méjèèjì. Ó máa ń parí ọ̀rọ̀ náà nígbà mìíràn. Ẹ wá ohun tí yóò mú wọn dúró ní ṣíṣí láti ìdajì wákàtí ṣáájú ìsìn títí gbogbo ènìyàn yóò fi lọ. Bí àyè bá ṣì kù díẹ̀, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi ìdè mìíràn sí i tí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, igi àtijọ́ náà yóò sì wà bí ó ṣe wà.

Igi tàbí òkúta tó dábùú ẹnu ọ̀nà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ débi tí kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ gé ti àtijọ́, ẹ fi igi tó dagẹ̀rẹ́ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Nínú ilé, ẹ gé àga gígùn kan kúrú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní àárín ìjọ, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè jókòó ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ tọ́jú igi tí ẹ gé.

9. Àṣẹ

Ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Àgùdà, Onítẹ̀bọmi, olúkúlùkù ló ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọwọ́ sí iṣẹ́ lára ilé. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ tiyín, kí ẹ fi fọ́tò àti àwòrán sí i. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àwòrán ilé. Bí ilé yín bá wà lára ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń tọ́jú irú ohun ìrántí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Britain, tí ìjọ wọn ti ra ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí àwọn aláwọ̀ funfun fi sílẹ̀: ẹ má ṣe tẹ̀ lé ohun tí aládùúgbò yín nínú Church of England bá sọ fún yín. Ìjọ yẹn àti àwọn mélòó kan mìíràn ní ètò tiwọn tó dúró fún àṣẹ káńsù lórí ilé tí ìjọba ti kọ sínú ìwé àwọn ilé àtijọ́. Àwọn ìjọ aládùúrà àti ti Pẹ́ńtíkọ́sì wa kò sí nínú ètò náà. Ọwọ́ káńsù ni ẹ ti máa gba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ọ̀daràn sì ni bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ tó yí irú ilé bẹ́ẹ̀ padà láìgbà á. Ẹ pe òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sí ilé àtijọ́ wá nígbà tí èrò yín ṣì rọ̀. Òfin Equality Act ti 2010 wà lẹ́yìn yín nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó pọn dandan fún yín láti ṣe àtúnṣe tó bá ọgbọ́n mu fún akàndá ẹ̀dá.

10. Iṣẹ́ gan-an

Kí ẹ tó da kọnkéré, ẹ fi ẹfun fa gbogbo ìlà ráńpù sílẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gidi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ yí i já, kí ó yí padà lórí pèpéle, kí ó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ibì kan bá há, ìgbálẹ̀ ni ẹ ó fi pa á rẹ́.

Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àtijọ́ àti nítòsí sàréè. Ẹ̀rọ tó ń ki ilẹ̀ máa ń mi ìpìlẹ̀ amọ̀ débi tí ògiri yóò sán. Bí wọ́n bá kan egungun, kí iṣẹ́ dúró, kí wọ́n pe àlùfáà àti àwọn ẹbí. Níbi tí ẹ bá ní láti tún ògiri amọ̀ tàbí ti òkúta àtijọ́ rẹ́, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ ẹ. Ògiri wọ̀nyẹn ń mí, omi tó bá wọ inú wọn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Sìmẹ́ǹtì yóò há omi mọ́ ọn nínú títí ìrẹ́ náà yóò fi ré lulẹ̀ pẹ̀lú ara ògiri. Ẹfun tí wọ́n sun, tí a pò mọ́ iyanrìn, tàbí amọ̀ irú ti àtijọ́, ni kí ẹ lò.

Bí owó kò bá tíì tó, ẹ má jókòó tì í. Ohun ìdìmú sí àtẹ̀gùn, ọ̀dà sí etí ìtẹ̀sẹ̀, iná sí ẹnu ọ̀nà, àga gígùn tí ẹ gé kúrú: ìkórè kan lè san gbogbo rẹ̀. Kí ráńpù wá tẹ̀ lé e.

11. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i

Ẹ fi àmì sí ẹnu géètì tí ń tọ́ka ibẹ̀, kí ẹ sì ya àyè ọkọ̀ 1 sọ́tọ̀ nítòsí ìsàlẹ̀ ráńpù. Ẹ yan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa kò yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn 20. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ ráńpù lọ́jọ́ ìsìnkú, títí kan ọkọ̀ àwọn olóyè. Ní oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ewédò máa ń hù lórí kọnkéré tí oòrùn kò dé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mi ohun ìdìmú wò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kí ẹ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yẹ̀, ẹ kó ìdọ̀tí kúrò nínú òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ògiri, kí ẹ sì wo ògiri inú ilé ní ìhà ibẹ̀ bóyá ọ̀rinrin ti yọ. Bó bá ti yọ, ojú omi ti dí. Ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà.